Abẹ́ Ọkọ̀: Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tó Fì Sápá Kan

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Birmingham ni mo ń gbé. Lọ́dún tó kọjá mo ra Porsche 911 SC ti ọdún 1982 kan tí wọ́n kó wá láti California, ọwọ́ òsì ni sítíárì rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún bó ṣe yẹ, àwọ̀ ara rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, èyí tó tún wá ń bí mi nínú jù ni pé apá òsì lẹ́yìn rẹlẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà, ìyàtọ̀ mílímítà 18 ni mo rí. Mẹkáníìkì kan níbí ní kí n yọ gbogbo torsion bar, ọ̀pá irin tó ń ṣe iṣẹ́ sìpíríǹgì, dànù, kí n ra coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tí sìpíríǹgì yí ká. Owó tó pè ju owó tí mo fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ mi lọ. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè tún un ṣe fúnra mi? Mo ní gárájì, mo ní jáàkì, ọwọ́ mi sì mọ irin díẹ̀.
*Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Birmingham*

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjẹ̀bú, o kú ìnáwó. Fi owó coilover yẹn sápò ná. Mi ò sọ pé nǹkan burúkú ni, àwọn tó ń sáré ìje ń lò ó. Ṣùgbọ́n ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́yìn 911 ayé ìgbà yẹn, wọn ò ṣe é láti ru ìwúwo ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá gbé sìpíríǹgì lé ibẹ̀ láìjó irin kún un, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sán lọ́jọ́ kan. Ṣé mẹkáníìkì rẹ sọ ìyẹn fún ọ? Bí kò bá sọ ọ́, wá ẹlòmíì.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀ fún ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi 911 han aráyé ní Frankfurt ní 1963, títí tí Carrera 3.2 fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1989, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní sìpíríǹgì tó lọ́ yípo. Ọ̀pá irin méjì, àwọn torsion bar yẹn, ló ní, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, tí wọ́n dùbúlẹ̀ sínú páìpù kan tó dábùú ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Orí ọ̀pá tó wà nínú há mọ́ agbede-méjì páìpù náà, kò lè yí. Orí tó wà níta wọ inú irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní spring plate, irin yìí ló sì nà lọ sẹ́yìn láti di apá tó gbé táyà mú. Bí táyà bá gun gegele, irin pẹlẹbẹ á lọ́ ọ̀pá náà, ọ̀pá á sì fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ìlọ́ yẹn ni sìpíríǹgì rẹ, kò sí òmíràn.

Ẹni tó bá ti tú Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, rí mọ gbogbo èyí. Ara Ìjàpá ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Mushin, nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lójú ọ̀nà Badagry ṣì ń tò ó jáde. Nígbà tí mo wá wọ abẹ́ 911 ní London, kò sí ohun tó ṣàjèjì sí mi níbẹ̀ ju owó tí wọ́n ń pè lọ. Ferdinand Porsche tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọ̀pá yìí ní 1931, òun náà ló yàwòrán Ìjàpá. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí 911. Kódà, iye eyín tí wọ́n gé sí orí ọ̀pá àwọn méjèèjì kó lè há bára mu. A máa dé orí ọ̀rọ̀ eyín yẹn.

Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n dáadáa. Mílímítà 18 tí o wọ̀n yẹn, mi ò gbà á gbọ́. Etí fẹ́ńdà kọ́ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún, ta ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ti lù ú, tí páńẹ́lì-bítà ti nà án, tí wọ́n sì ti fi pọ́tì dí i? Níwájú táyà ẹ̀yìn, lápá ìsàlẹ̀, wàá rí ọmọrí irin kan tí bóòtù mẹ́rin dè. Àárín rẹ̀ ni àárín ọ̀pá. Wọ̀n láti ilẹ̀ dé ibẹ̀, kí o tún wọ̀n láti ilẹ̀ dé àárín táyà gan-an, kí o wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Bí ilé iṣẹ́ Porsche fúnra rẹ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ṣe é lósì, ṣe é lọ́tùn-ún, kọ ọ́ sínú ìwé.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gárájì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi lè ṣàn jáde, o lè máa bá ilẹ̀ jà kí o rò pé ọkọ̀ ni. Wá rọ́bà tó mọ́ gaara, bu omi sí i, kí o fi wo ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa dúró sí, bí àwọn bíríkìlà wa ṣe ń ṣe lórí ìpìlẹ̀ ilé. Ibi tó bá rẹlẹ̀, fi páálí líle tàbí ègé táìlì gbé e. Afẹ́fẹ́ táyà ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bẹntiróòlù kún inú táǹkì, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sínú ọkọ̀. Bí o bá ti fi jáàkì gbé e sókè kí o tó wọ̀n ọ́n, wà á síwájú, wà á sẹ́yìn, kí o tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o sì fi sílẹ̀. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ láti orí jáàkì máa ń ká sínú, ọkọ̀ á sì dúró ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká wá ní o ti wọ̀n ọ́n báyìí, tí òsì ṣì rẹlẹ̀. Má tíì tú ẹ̀yìn. Iwájú ọ̀tún ni mo fura sí.

Ìdí ni pé iwájú 911 rọrùn láti yí. Bóòtù kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní sípánà lè ra ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀ kó yí i, ọ̀pọ̀ ló sì ti yí i láìwọ̀n ohunkóhun. Ẹni tó bá gbé iwájú ọ̀tún ga, ó ti gbé ìwúwo lé iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì pọ̀. Wo tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: bí o bá ki pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ tó dojú kọ ọ́ ló máa bá a gbé ẹrù, àwọn méjì yòókù á máa mì. Bí ẹ̀yìn òsì bá wá gba ẹrù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀.

Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí. Yọ etí kan anti-roll bar, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì, níwájú àti lẹ́yìn. Gbé jáàkì sábẹ́ agbede-méjì iwájú gan-an, lábẹ́ irin tó dábùú, fi pákó tẹ́ orí jáàkì, kí o rọra gbé e títí táyà iwájú méjèèjì á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni, má gbé e dé ọ̀run, kí ẹnikẹ́ni má sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ojú kan péré ni iwájú jókòó lé báyìí, kò lè ti ẹ̀yìn sọ́tùn-ún tàbí sósì mọ́. Wá wọ̀n ẹ̀yìn. Bí òsì àti ọ̀tún bá dọ́gba, ẹ̀yìn ò jẹ̀bi, iwájú ni kí o lọ tún ṣe. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ṣì dúró, ẹ̀yìn lẹjọ́ wà. Àyẹ̀wò yìí ò ná ẹ ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń gba owó ọjọ́ méjì lọ́wọ́ èèyàn láìṣe é.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni, wo rọ́bà tó wà lára spring plate kí o tó dá ọ̀pá lẹ́bi. Rọ́bà yẹn ló gbé irin pẹlẹbẹ ró láàárín ọmọrí. Bó bá ti gbó, ó máa ń tẹ́ lápá kan, wàá sì rí i pé irin ti kúrò láàárín gbùngbùn. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kì í sábà rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè ṣẹ́, tí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ti bó tí ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹ́ o ò ní nílò tépù kí o tó mọ̀.

Orí ire wà fún ọ níbì kan: SC lo rà. Spring plate tirẹ̀ kì í ṣe irin ẹyọ kan bíi ti àwọn àkọ́kọ́. Irin méjì ni wọ́n gbé lé ara wọn, bóòtù kan sì wà láàárín tí àárín rẹ̀ kò sí ní gbùngbùn. Tí o bá tú àwọn nọ́ọ̀tì tó há wọn mọ́ra, tí o sì yí bóòtù yẹn, irin kejì á gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Kí o tó yí i, mú ìwúwo kúrò lórí rẹ̀: ọkọ̀ á wà lórí stand, táyà á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀, jáàkì kékeré á gbé apá náà. Tí o bá fi agídí yí i nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, orí bóòtù á yọ, inú á sì bí ẹ dé ọjọ́ kejì.

Àyè bóòtù yìí ò pọ̀. Bó bá dé òpin tí o ò tíì rí ohun tí o fẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eyín ti wọlé. Orí inú ọ̀pá ní eyín 40, orí ìta ní 44. Pín 360 sí ogójì, eyín kan nínú jẹ́ dìgírì 9. Pín in sí 44, eyín kan níta jẹ́ dìgírì 8 àti díẹ̀. Ká ní láti ọ̀pá dé àárín táyà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40: eyín kan nínú á gbé ọkọ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 63, ti ìta á gbé e ní 57. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá yí ọ̀pá lọ síwájú ní eyín kan nínú, tí o wá dá irin pẹlẹbẹ padà ní eyín kan níta, ohun tó ṣẹ́ kù láàárín wọn kò ju mílímítà 6 lọ. Ìdí tí iye eyín méjèèjì kò fi dọ́gba nìyẹn. Ẹni tó ronú rẹ̀ lórí, mo kí i. Mílímítà 18 tìrẹ, bó bá jẹ́ òótọ́, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Kí o tó fa ohunkóhun yọ, gbé òṣùwọ̀n tó ń wọn igun (dìgírì) lé irin pẹlẹbẹ nígbà tó bá rọ̀ sílẹ̀ tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀, gbé e lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn pẹ̀lú, kí o kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀ fún òsì àti ọ̀tún. Fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí spring plate ti bá apá táyà pàdé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò kámbà (bí táyà ṣe fì sínú tàbí síta) àti toe-in (bí iwájú táyà ṣe kọjú sínú). Sì gbọ́ mi dáadáa lórí èyí: kódà nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀, agbára ṣì wà nínú ọ̀pá náà. Irin pẹlẹbẹ kàn fẹ̀yìn ti ìdènà kan ni. Nígbà tí o bá fẹ́ yọ ọmọrí, yọ bóòtù méjì, fi bóòtù gígùn rọ́pò wọn, kí o tó yọ méjì tó kù, kí o wá máa tú àwọn gígùn náà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú jáàkì lábẹ́ irin. Má gbé ojú síwájú rẹ̀, má gbé ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá òsì kò gbọ́dọ̀ lọ sọ́tùn-ún, wọ́n kọ L àti R sí wọn lórí. Má sì fi páláyà há ọ̀pá lára. Ojú ọgbẹ́ kékeré yẹn ni ìpẹtà máa gbà wọlé. Fi gírísì sí eyín rẹ̀ kí o tó dá a padà.

Ní ti pé ó ga, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Nítorí òfin bọ́ńpà, ohun tó ń gba ìkọlù níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ga ju ti Yúróòpù lọ láti ilé iṣẹ́. Sọ ọ́ kalẹ̀ dé ti Yúróòpù, kí o dúró síbẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn àwọn tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ títí fẹ́ńdà á fi bo táyà. Ó dára nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n rọ́bà ìdádúró ni wọ́n ń jókòó lé ní gbogbo kòtò. Ẹ̀yìn ni kí o kọ́kọ́ ṣe, nítorí òun ló le, kí o wá fi bóòtù iwájú parí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì táyà rẹ, Newton-mítà 130.

Tó bá ti parí, wà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tún un wọ̀n, kí o wá gbé e lọ sí àláìmẹ́ǹtì. Bí gíga bá ti yí padà, kámbà àti toe-in ti yí padà nìyẹn, kò sí àwáwí. Bí o bá rí ibi tí wọ́n ti ní òṣùwọ̀n fún táyà kọ̀ọ̀kan, sanwó ibẹ̀. Ó sàn kí o náwó síbẹ̀ ju coilover lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìjàpá tí ọkọ mi olóògbé fi sílẹ̀ ni mo ṣì ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn. Kòtò pọ̀ ládùúgbò wa, abẹ́ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ tí mo bá gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi sẹ́yìn. Mẹkáníìkì mi ní òun fẹ́ yí ọ̀pá ẹ̀yìn ní eyín kan kó lè ga. Ṣé kí n gbà?
*Màmá Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà o. Bí ẹ bá ti ka ohun tí mo sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú lókè, ẹ ti rí i pé eyín kan péré lè gbé e ní nǹkan bíi ìka mẹ́ta sókè. Ti Ìjàpá sì burú ju ti 911 lọ. Nínú èyí tí wọ́n tò nílé ní Nàìjíríà nígbà yẹn, àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, nìkan ni ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn ti ń ká, táyà àti ọ̀pá jọ ń lọ sókè sódò ni. Bí ẹ̀yìn bá ga, táyà méjèèjì á kó ìdí sínú: wọ́n á fẹ̀ lókè, wọ́n á sún mọ́ra nísàlẹ̀. Tí ẹ bá wá fi eré yí kọ́nà, táyà tó wà níta lè ká sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn á sì fò sókè. Ẹ ò ní fẹ́ kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá yẹn má ní ẹ̀bi kankan. Ẹ ní kó wo rọ́bà ìdádúró tó yẹ kó wà lókè apá méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ti gbó, ó ti já bọ́ tipẹ́, kò sẹ́ni tó wá a. Ẹ ní kó wo ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, bóyá epo ti ń jò lára wọn. Ẹ ní kó wo rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá. Tó bá ti pààrọ̀ gbogbo ìyẹn tó sì ṣì rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó lo eyín inú àti eyín ìta pọ̀, kó gbé e ní mílímítà 6 péré, lósì lọ́tùn-ún. Tó bá ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ fún un ní ìwé yìí kó kà á. Àwọn ọmọ-ọmọ yẹn náà, bí wọ́n bá ju mẹ́ta lọ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jókòó síwájú.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, MGB GT ọdún 1976 ni mo ní ní London. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ́. Ṣé torsion bar ni èmi náà máa yí?
*Akin*

ÌDÁHÙN: Rárá, Akin, ọkọ̀ rẹ ò ní in. Sìpíríǹgì onípele, irú èyí tó wà lábẹ́ mọ́lúẹ̀, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí bóòtù kankan tí o lè fi yí gíga rẹ̀ padà. Bó bá ti tẹ́, tuntun ni, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí o má ra ẹyọ kan. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti ki búlọ́ọ̀kù irin sáàárín àásù (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) àti sìpíríǹgì láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ní bọ́ńpà rọ́bà, nítorí láti ìparí 1974 ni ilé iṣẹ́ ti gbé wọn ga ní nǹkan bí íǹṣì kan, tí àwọn olólùfẹ́ MG kò sì dárí jì wọ́n. Bí búlọ́ọ̀kù bá wà níbẹ̀, yọ ọ́, kí o fi U-bolt kúkúrú rọ́pò gígùn, ó ṣeé ṣe kí sìpíríǹgì rẹ má ní nǹkan kan.

Bí o bá wá ń fi tuntun sí i, bóòtù tó wọ ojú sìpíríǹgì níwájú, má fún un pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Fi ọwọ́ lásán mú un, gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, kí o tó wá fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà inú rẹ̀ á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, ọkọ̀ á dúró ga fún oṣù díẹ̀, rọ́bà á sì fà ya.